Ta Ni Yóò Sanwó Ìwòsàn Ẹni Tó Ti Fẹ̀yìn Tì?



Ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023 ni a dìbò yan ààrẹ àti àwọn aṣòfin àpapọ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ni ti gómìnà àti ti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Ààrẹ tó wà lórí oyè nígbà náà ń parí sáà rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, gómìnà wa ní Kaduna níbí náà ń parí tirẹ̀. Àga méjèèjì ló fẹ́ ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ àwọn olùdíje kò fi dá ní àdúgbò wa, láti Kakuri títí dé Sabon Tasha. Wọ́n ń wá kí wa ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń wá kí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bá àwọn ìjòyè wa ya fọ́tò, wọ́n sì ń fi Yorùbá tí wọ́n kọ́ lálẹ́ àná sọ pé “ẹ kú iṣẹ́ o”. Mo ti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn mélòó kan nínú wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ààbò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Abuja sí Kaduna mọ ohun tí ojú wa ti rí. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà, nípa iná mànàmáná, nípa irú ẹ̀sìn tí ó yẹ kí igbákejì gómìnà máa ṣe. Kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún wa bí ẹni ọdún 68 tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yóò ṣe máa rí oògùn náà rà lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ojú-ewé díẹ̀ tí olóòtú fún mi sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ojú irin ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé ìlú yìí. Àwọn ará Ọ̀ffà, àwọn ará Ogbomọ̀ṣọ́, àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn Ẹ̀gbá bá rélùwéè gòkè wá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tí ojú irin Èkó ti pàdé ti Port Harcourt, wọ́n sì jókòó. Àwọn mìíràn di akọ̀wé ìjọba, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, télọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ mìíràn sì tẹ̀lé e ní Kakuri, àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà pa ní ọdún 2002. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ níbẹ̀ nígbà náà ti ń di arúgbó. Àwọn tó jẹ́ àgbà níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ wo yíká nínú ìpàdé wa ní ọjọ́ Àìkú èyíkéyìí, kí ẹ ka orí funfun, kí ẹ sì wá ka àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tó 40. Àwọn ọ̀dọ́ wa wà ní Abuja, ní Èkó, ní London, ní Toronto. Àwọn àgbà tí ó rọrùn fún láti padà sílé ti padà. Àwa tó kù, ilé wa wà níbí, sàréè àwọn òbí wa wà níbí, àwọn mìíràn nínú wa kò sì mọ ojú ọ̀nà agbo ilé bàbá wọn mọ́. Bí àìsàn bá dé, níbí ni yóò bá wa, níbí náà ni a ó sì ti wá dókítà.

Òfin tó kọ́kọ́ dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni Òfin 35 ti ọdún 1999, tí ìjọba ológun fọwọ́ sí nígbà tó kù díẹ̀ kí ó gbé ìjọba lé àwọn alágbádá lọ́wọ́. Ọdún 2005 ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nìyí: owó tó jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ojúlówó owó oṣù òṣìṣẹ́ ni yóò máa wọ inú àpò náà, agbanisíṣẹ́ yóò san ìdá 10, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ yóò san ìdá 5. Àwọn tí káàdì náà yóò bò ni òṣìṣẹ́ náà, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kan ṣoṣo, àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18.

Ẹ tún ìlà yẹn kà. Owó oṣù ni gbòǹgbò káàdì náà. Èmi fúnra mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Kò pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ tí mo mú ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti mọ̀ wá láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wá orúkọ wa lọ, ó wá a bọ̀, ó sì fi Hausa sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí Bàbá ṣe sùúrù, orúkọ wa ti jáde nínú ìwé. Kò fi ìwọ̀sí kankan kún un. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe ṣe é. Mo sanwó, wọ́n tọ́jú wa, a sì padà sílé. Ẹni tó tò sẹ́yìn mi, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ fún ìjọba, kò rí owó san ní tirẹ̀. Ó ká ìwé oògùn rẹ̀ sí méjì, ó kì í bọ àpò, ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ní ọdún 30 àti 40, nígbà tí ó jẹ́ pé ibà ni í sábà ṣe wá, káàdì wà lọ́wọ́. Ní ọdún 60, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, orúnkún dídùn, ojú tó ń ṣókùnkùn àti ọ̀rọ̀ kíndìnrín bá ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, káàdì ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 pa á láṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ máa fi ìdá 8 nínú owó oṣù rẹ̀ pamọ́, kí agbanisíṣẹ́ sì máa fi ìdá 10 kún un, kí ẹni náà lè rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ alẹ́. Ìdá 18 ń wọlé fún oúnjẹ ọjọ́ alẹ́. Fún oògùn ọjọ́ alẹ́, kò sí ohun kan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti lé ní 60 mọ̀ pé àwọn oṣù kan wà tí owó oògùn máa ń ju owó oúnjẹ lọ.

Ohun mìíràn tún wà nínú ìlà kan náà tó ń kọ mí lóminú. Irú ẹbí wo ni òfin yìí ní lọ́kàn? Ọkọ, aya kan, ọmọ mẹ́rin. (Ẹ má jẹ́ kí n sọ ti àwọn ọ̀gbẹ́ni oníyàwó méjì tó wà láàárín wa, wọn yóò ti mú ọ̀kan, wọn yóò sì fi ìkejì lé Ọlọ́run lọ́wọ́.) Bàbá òṣìṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àfi bí ó bá san àfikún owó lórí wọn. Nínú èrò Yorùbá, ìyá ẹni ni ẹni àkọ́kọ́ tí a máa ń bù fún nínú owó oṣù àkọ́kọ́. Àwọn bàbá wa ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ètò adójútòfò ni wọ́n ń sọ yẹn. Ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì, ọmọ ni káàdì ìlera, ọmọ ni yóò di èèyàn mú lọ sí ilé ìwẹ̀. Àwọn tó kọ òfin kò ka òkété mọ́ ẹbí. Nípa bẹ́ẹ̀, arúgbó Yorùbá bọ́ sí àárín òfo méjì: káàdì tirẹ̀ ti parí pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, káàdì ọmọ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi yóò sọ sí èyí. Wọn yóò ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni wọ́n bàjẹ́, pé wọn kò mọ ìyá, wọn kò mọ bàbá, pé nígbà tiwa kò sí ẹni tó ń kó àgbàlagbà lé ìjọba lọ́wọ́. N kò gbà. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ wa tó wà ní London. Kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ní ọdún 2023, ó ní láti san 624 pọ́n-ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí yóò lò níbẹ̀, owó ìlera ni wọ́n pè é, gbogbo ọdún náà pa pọ̀ ni yóò sì san kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn yóò tún máa yọ owó orí àti owó ìdójútòfò nínú owó oṣù rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ Àkànbí ń san owó tí wọ́n fi ń tọ́jú arúgbó òyìnbó tí kò mọ̀ rí, tí arúgbó náà sì ń gba oògùn rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá di agogo méjì òru, fóònù yóò dún láti Kaduna: wọ́n ti dá Màmá dúró sí ilé ìwòsàn, wọ́n ń béèrè owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà yóò jí àwọn àbúrò rẹ̀ lórí WhatsApp. Ọ̀kan yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ìkejì yóò yá, ìkẹta kò ní dáhùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo ti rí i tí ọmọ márùn-ún dá owó iṣẹ́ abẹ jọ fún bàbá wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò sí ìkankan nínú wọn tó wà ní Nàìjíríà. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá padà wálé tí ó sì na ọwọ́ sí mi dípò kí ó dọ̀bálẹ̀, n ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, n ó sì bá a jókòó jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bímọ ńkọ́? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kò ríṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀? Láyé àtijọ́, agbo ilé ló ń dáhùn ìbéèrè yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ìyàwó ilé, ẹni tí ó bá ti wà nítòsí ni í po ẹ̀kọ fún arúgbó. Agbo ilé kò sí ní Kaduna. Odi àti géètì la ní. Àwa fúnra wa la mọ odi náà, àwa la ta ilẹ̀ ogún ká lè rí owó ìwé ọmọ, àwa la sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní àsàlátù ní ọjọ́ tí ọmọ gba ìwé àṣẹ ìrìn-àjò. Àṣà náà yí padà lójú wa, ọwọ́ wa sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí a wá ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Ẹgbẹ́ la kọ́kọ́ máa ń sá tọ̀. Iṣẹ́ mi ti mú kí n ka ìwé òfin ẹgbẹ́ tó pọ̀, ti ọmọ ìbílẹ̀, ti àdúgbò, ti àwọn tó jọ jáde ní iléèwé kan náà. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ, ẹ ó rí abala tó sọ̀rọ̀ ikú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ẹgbẹ́ yóò san iye báyìí. Bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, iye báyìí, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì ra aṣọ kan náà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń ṣàìsàn ńkọ́? “Àwọn aláṣẹ yóò lọ bẹ̀ ẹ́ wò.” A ó gbé ọsàn àti ohun mímu inú agolo lọ, a ó gbàdúrà, ẹni tó ń ṣàìsàn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, a ó sì padà sílé. Owó tí ó yẹ kí a fi dènà ìsìnkú, ìgbà ìsìnkú là ń mú un jáde. N kò sọ pé kí a má sin òkú wa dáadáa. Mo ń sọ pé àpò kan náà ni, ẹnu rẹ̀ ni a kò ṣí síbi tó yẹ.

Àwọn kan yóò ní a ti ní èsúsú, a ti ní àjọ, kí ni a tún ń fi adójútòfò ṣe. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló sì ń ba ètò náà jẹ́ láàárín wa. Nínú èsúsú, iye tí mo dá ni n ó kó nígbà tó bá kàn mí. Nínú adójútòfò, mo dá owó kí ẹni tí àìsàn bá kọlù lè kó o, mo sì ń gbàdúrà kí èmi má ṣe kó o láéláé. Ẹni tó bá parí ọdún láìṣàìsàn kò pàdánù owó rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí ìyá oníṣòwò kan sọ pé òun san owó náà fún ọdún kan gbáko, òun kò sì “jẹ” nǹkan kan nínú rẹ̀, nítorí náà òun kò san mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbà dé. N kò lè bá a wí. Kò sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé fún un.

Ẹ̀sùn kan wà tí n kò lè gbójú fò, nítorí òtítọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní káàdì ni wọ́n ti jẹ́ kí ó jókòó láti òwúrọ̀ di ọ̀sán nígbà tí àwọn tó kó owó lọ́wọ́ ń wọlé lọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n sọ fún un pé oògùn tí káàdì lè san kò sí, kí ó lọ ra á níta. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ alágbàtà kò tíì san owó fún ilé ìwòsàn. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yìí jẹ́ ìdí láti bá àwọn tó ń ṣàkóso ètò náà fà á. Kò jẹ́ ìdí láti padà sí ibi tí olúkúlùkù ti ń ta ilẹ̀ kí ó lè wo òtútù àyà.

Mo wá dé ibi tí òfin àti ìbò ti pàdé, òun gan-an ló mú mi kọ̀wé. Abala 16 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 pàṣẹ fún ìjọba láti rí i pé ìtọ́jú ọjọ́ ogbó, owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànlọ́wọ́ fún aláìsàn wà fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí. Abala 17 sọ pé kí ìtọ́jú ìlera tó péye wà fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ abala 6 wò, ní ìsọ̀rí kẹfà: kò sí ilé ẹjọ́ tó ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ bóyá ìjọba mú àwọn ìlérí tó wà ní Orí Kejì ìwé náà ṣẹ. Abala 16 àti 17 sì wà nínú Orí Kejì. Ní kúkúrú, bàbá tí kò rí oògùn rà kò lè pe gómìnà lẹ́jọ́ lórí abala 16. Bí ó bá gbé ẹjọ́ náà tọ̀ mí wá, n ó dá a padà sílé kí n má baà jẹ owó rẹ̀ lásán. Ní ọjọ́ ìdìbò nìkan ni ó lè pe gómìnà lẹ́jọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ adájọ́.

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ ṣá. Ní ọdún 2002, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Agbẹjọ́rò Àgbà Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Agbẹjọ́rò Àgbà Ìjọba Àpapọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lè ṣe òfin tí yóò sọ ìlérí Orí Kejì di ohun tí a lè fi ọwọ́ òfin mú. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà báyìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí adójútòfò ìlera, tó pa ti ọdún 1999 rẹ́. Abala 14 rẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà láti ní adójútòfò ìlera. Òfin kan náà dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn kò ká a: ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aboyún, àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, tálákà, àti àgbàlagbà. Àgbàlagbà wà níbẹ̀, ẹ̀yin ará mi. Wọ́n dárúkọ wa.

Dandan láìsí owó ni ohun tí ń bà mí lẹ́rù. A ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ rí. Òfin Ìlera Àpapọ̀ ti ọdún 2014 sọ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ gbogboogbò fún ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé, kí ìdajì rẹ̀ sì gba ọ̀nà adójútòfò dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Ọdún 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ inú ètò ìṣúná, ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí òfin. Ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ jàǹfààní nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú owó tirẹ̀ sílẹ̀, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Abuja, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti pàdé ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, tí wọ́n ṣe ìlérí pé ìdá 15 nínú ètò ìṣúná wọn ni yóò máa lọ sí ìlera. Àwa tí a gba àlejò kò tíì dé ibẹ̀ ní ọdún kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ìrẹsì tí wọ́n ń gbé wá kò jọ mí lójú. “Dìbò kí o sebẹ̀” ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwàdà. Ó ti di owó ọjà. Òfin Ìdìbò ti ọdún 2022 sọ pé ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà á ni wọ́n jọ ṣẹ̀, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 500,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Ẹ gbàgbé ẹ̀wọ̀n fún ìgbà díẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò bí oníṣòwò. Sáà ọdún mẹ́rin jẹ́ oṣù 48. Ẹni tó gba owó ọbẹ̀ ọjọ́ kan ti ta oògùn oṣù 48.

N kò sì fara mọ́ àṣà kan tó ti pẹ́ láàárín wa, pé kí àwọn ìjòyè àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ jókòó nínú yàrá kan, kí wọ́n fún olùdíje kan ní ọwọ́ gbogbo “Yorùbá Kaduna”, kí wọ́n wá kéde rẹ̀ fún wa. Ó ní ìgbà tí ó wúlò, nígbà tí a kéré níye tí ẹ̀rù sì ń bà wá. Nínú ìpàdé kan tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan dìde, ó ní kí wọ́n foríjì òun, òun bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá, ṣùgbọ́n káàdì ìdìbò òun kò sí lára ohun tí àwọn bàbá ń kó lọ. Àwọn kan bínú. Èmi ń wò ó pé bí gbogbo wa bá ń sọ bẹ́ẹ̀, olùdíje yóò ní láti bá ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sọ̀rọ̀, ìgbà náà ni ó lè gbọ́ nípa oògùn.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a bi wọ́n nìyí. Ẹni tó fẹ́ ṣe gómìnà: ìpínlẹ̀ Kaduna ti ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, àwọn àgbàlagbà mélòó ni ìjọba rẹ̀ yóò forúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, tí ìjọba yóò sì máa san owó wọn? Ṣé yóò mú ìdá 25 ìpínlẹ̀ sílẹ̀ lásìkò, tàbí yóò jẹ́ kí owó Abuja padà lọ? Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù wa, ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yóò wà níbẹ̀, àbí kìkì oògùn ibà? Ẹni tó fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin: ṣé yóò gbé àbá wá pé kí káàdì má ṣe kú nígbà tí iṣẹ́ bá parí? Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ń gba owó wọn láti ọwọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ kan lóṣooṣù. Kí ni ìṣòro nínú pé kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún ìlera, kí ìjọba sì máa san ìpín tí ó ń san nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́? Èmi kò ní bínú bí wọ́n bá yọ ìdá 5 nínú tèmi láti oṣù tó ń bọ̀. Kí ó sì bá wa béèrè ìdí tí orúkọ bàbá àti ìyá kò fi lè wà lórí káàdì ọmọ tó ń ṣiṣẹ́, dípò ọmọ kẹta àti ìkẹrin tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò tilẹ̀ bí mọ́.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Mo dá a lábàá fún àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a yọ lára owó ìsìnkú ọdún yìí, kí a fi forúkọ àwọn àgbà wa tí kò ní ẹnìkan sílẹ̀ nínú ètò ìpínlẹ̀. Wọn kò pọ̀. Gbogbo wa mọ ilé wọn. Mo ti ṣetán láti bá ẹgbẹ́ kọ àtúnṣe abala náà láìgba kọ́bọ̀.

Olùdíje tó bá sì wá sí gbọ̀ngàn wa kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, kí akọ̀wé ka àwọn ìbéèrè yìí sí i létí, kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́, kí olùdíje náà sì fọwọ́ sí ìwé náà kí ó tó dìde. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí olóòtú tẹ ìyẹn náà sínú ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀.